Ilé Tí Àràmídé Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Àràmídé rò pé ilá ló ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun òun, àfi ìgbà tó ki ìka bọ ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun jáde. Ó fà á, fà á, kò tán. Irun náà pọ́n bí ọkà bàbà, ó tutù, ó sì ń rùn bí ẹja tó ti bà jẹ́. Ta ló nírú irun bẹ́ẹ̀ ní Èrúwà? Òun dirun mọ́rí, ìyá rẹ̀ sì ti gé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ látìgbà tó ti di opó. Ó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bì.

Bẹ́ẹ̀ ìrìn àjò ló ń múra rẹ̀ o. Orí kọ̀ǹpútà ni Àràmídé ti ń jẹun, ó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn. Kò síbi tí kò ti lè ṣiṣẹ́ náà, ó wá pinnu láti máa ti ìlú dé ìlú ṣe é. Agbára rẹ̀ kò ká òtẹ́ẹ̀lì, ló bá lọ bá àwọn tó ń pààrọ̀ ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìwọ wá gbé ilé mi, kí n lọ gbé tìrẹ. Marta, obìnrin kan tó ń gbé létí òkun nílẹ̀ Pọtogí, ló gbà. Àràmídé lẹ táìlì sí gbogbo pálọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ bo sàréè Ògúnbíyìí, bàbá bàbá rẹ̀, ọdẹ tí wọ́n sin síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin àgbà sínú ilé. Ta ni yóò fi sàréè han òyìnbó?

Ìyá rẹ̀ kò bá a jà lórí táìlì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, síbẹ̀ ó ní, "Sọ fún Bàbá pé ò ń lọ, àlejò sì ń bọ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé."

Ọmọ ayé òde òní fẹ̀rín sí i. Ó dúró lórí táìlì, ó ní, "Bàbá, a ti pààrọ̀ ilé o. Ti Marta nibí, tiwa ni tọ̀hún. Ẹ yáa palẹ̀ ẹrù yín mọ́." Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ọjọ́ kejì ló fa irun lọ́fun.

Láti ìgbà náà, irun dí ihò omi nílé ìwẹ̀, ó lọ́ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀. Táìlì ń làágùn lọ́sàn-án gangan, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ sì ń fà bí itọ́ ìgbín. Ó ta sí Àràmídé lẹ́nu níbi tó ti ń nù ún, iyọ̀ ni. Ìríra ò jẹ́ kó lè jẹun. Ó ń tutọ́ kiri ilé bí aláboyún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Marta pè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Àràmídé, ta ni bàbá tó jókòó sí kíṣìnnì mi? Ó wọ ẹ̀wù ọdẹ kan, ó ń jẹ èso pupa kan, ó ń tu ú sílẹ̀. Erùpẹ̀ ń dà létí rẹ̀."

Àràmídé bojú wo táìlì orí sàréè, Marta sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Eérú ìyá mi wà nínú ìkòkò kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà. Òkun ló pa wọ́n. Mo ṣí i láàárọ̀, ó ti ṣófo."

Wọ́n sun ìyá wọn, wọ́n gbé e ti ṣúgà! Àràmídé ní, "Gbé fóònù sí Bàbá létí, jọ̀ọ́."

Ó gbọ́ ìró obì lẹ́nu.

"Bàbá, Àràmídé ni, ọmọ ọmọ yín. N ò lọ mọ́. Ẹ máa bọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́."

Ìró náà dákẹ́. "Ìwọ ta ni?" ni ohùn arúgbó náà wí. "Ọmọ ilé mi ló dúró níwájú mi yìí. Lọ pe onílé tìrẹ."

Fóònù kú. Ọwọ́ tútù kan gbá Àràmídé mú lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ṣe ń tú irun ọmọ. Omi ń kán sí i léjìká. Ó ké pe ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ yọjú láti yàrá, ó sì dúró. Ó wo Àràmídé bí ẹni tí kò rí i rí. Ó wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kúulé o, mà," ló wí. "Ẹ má bínú, ọ̀nà ni mo ṣì."

Ó dìde, ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.