Ọ̀sà Kì í Dé Lásìkò Àná

"Khairiyyah! Ṣé omi yìí lo máa fẹ́ ni?" Bilqis dúró sórí àlàpà ògiri, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ti ń ya fídíò ní Màrínà! Olórin yẹn ti dé, mo fojú ara mi rí mọ́tò ẹ̀. Tá a bá débẹ̀ báyìí, a máa wà lára àwọn tó máa jó lẹ́yìn ẹ̀."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi."

"Ka omi!" Bilqis bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ka ìwé, ìwọ ń ka omi. Ṣé omi náà ń kà ọ́ ni?"

Ẹ̀rín náà dun Khairiyyah, ṣùgbọ́n ó tún wù ú láti lọ. Ó wo igi ìdiwọ̀n tí wọ́n rì mọ́ etí ọ̀sà, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo Bilqis. Ọjọ́bọ̀ ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òjò, ojú ọ̀run ń dán bí abọ́ tí wọ́n fi eérú fọ̀.

Kí ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń ṣe lẹ́bàá ọ̀sà pẹ̀lú ìwé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní Èbúté Alákàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èbúté Èrò, ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ kan wà. Wọ́n ní láyé àwọn bàbá wa, ṣe ni ọkọ̀ máa ń kọrin wọ ibẹ̀ pẹ̀lú èéfín dúdú lórí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ò wá mọ́. Páànù dípẹtà, ọ̀sà wá ń jẹ ògiri ìdí rẹ̀ bí ọmọdé tó ń jẹ búrẹ́dì láti etí. Lọ́dọọdún tí oṣù kẹwàá bá ti dé, omi á fo ògiri, á wọ ilé onílé, á gbé ìkòkò, á gbé bàtà, á tún gbé àga tí bàbá àgbà fi ń jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn máa tún ibùdókọ̀ náà kọ́, àwọn á sì mọ ògiri tuntun síwájú ọ̀sà. Ayọ̀ ń bẹ nígboro!

Ẹnjinníà tó ń darí iṣẹ́ náà, obìnrin ni. Adeline lorúkọ rẹ̀, ọmọ Pópó Àgùdà. Ó wá sí ilé-ìwé àwọn Khairiyyah, ó béèrè ìbéèrè ìṣirò kan, Khairiyyah nìkan ló rí i yanjú. Ló bá fún un níṣẹ́ ìsinmi: kí ó máa ka ibi tí omi dé lára igi ìdiwọ̀n ní gbogbo ìdajì wákàtí, láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó dé akoto yẹ́lò lé e lórí.

"Tí iṣẹ́ rẹ bá mọ́ títí ìsinmi máa fi parí," Ẹnjinníà Adeline wí, "gbogbo ìsinmi ni wàá máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi títí wàá fi wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n gbọ́: ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o kọ. Èyí tí o kò bá rí, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo kì í pa ènìyàn. Irọ́ ló ń pa ènìyàn."

Khairiyyah tí ń lálàá àtidi ẹnjinníà láti kékeré, akoto yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sùn.

Àmọ́ ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ó bá Bilqis lọ sí Màrínà. Ó jó, ó làágùn, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà, wọ́n ti kírun Àsárì tán, ojú ewé Ọjọ́bọ̀ sì ń wò ó lófìfo. Ojú ewé Ọjọ́rú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún dáadáa, ó rẹwà.

"Dà á kọ," Bilqis ní. "Ṣebí ọ̀sà kan náà ni? Ọ̀sà ò lẹ́nu tó fi máa rojọ́."

Khairiyyah da ti Ọjọ́rú kọ síbẹ̀. Ó fi ìka kan lé níhìn-ín, ó yọ ìka kan lọ́hùn-ún, kó lè jọ òótọ́. Wọn ò tíì ya fídíò náà tán, nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tún lọ. Ó tún dà á kọ.

Ẹnjinníà Adeline ti lọ sí ìpàdé kan ní Àbújá lọ́sẹ̀ náà. Kenneth, fọ́máànù, ló gba ìwé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọmọ òkè ni Kenneth, ibi tí wọ́n ti ń fa omi nínú kànga ló dàgbà sí. Kọnkéré ló mọ̀, kò mọ ọ̀sà. Ó wo ojú ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn: aago mẹ́jọ àárọ̀ ni omi kún dé góńgó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Ó dáa," ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Lọ́la, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, omi ti ń padà lọ. Ẹ máa wọ kòtò ìpìlẹ̀, a máa da kọnkéré."

Lára àwọn tó máa wọ kòtò ni Yaqub, àbúrò ìyá Khairiyyah, àbíkẹ́yìn Màmá Hàwáwù.

Màmá Hàwáwù yìí ni ìyá àgbà Khairiyyah. Ẹja yíyan ló fi tọ́mọ méje. Kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kan, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí kì í fi orin ṣe. Ó ń kọrin fún ẹja, ó ń kọrin fún iná, kódà ó ń kọrin fún eyín tó ń dùn ún. Ní àárọ̀ Sátidé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn nítòsí Ẹnu Ọ̀wá, ó ń fọ abọ́, ó ń kọ èyí tó ti ń kọ fún Khairiyyah láti ìgbà tó ti ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn:

*Ọ̀sà dé lánàá, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́,*
*Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀sà o.*
*Ọ̀sà dé lónìí, mo fọ abọ́ tán, mo ti dáná,*
*Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀sà o.*
*Bó bá dé lọ́la, n ó ti jẹun, n ó ti palẹ̀ mọ́,*
*Arìn-gbẹ̀rẹ́ lọ̀sà o, kì í dé lásìkò àná.*

Khairiyyah ń gé búrẹ́dì. Ọ̀bẹ dúró sí i lọ́wọ́.

"Màmá, kí lẹ ní kì í dé lásìkò àná?"

"Ọ̀sà ni." Màmá gbọn omi abọ́ nù. "Háà, ọmọ ẹlẹ́ja, ìwọ lò ń bi mí? Tí omi bá kún lánàá nígbà tí mo wẹ̀ tán, lónìí n ó ti mu ẹ̀kọ, n ó ti wé gèlè kó tó kún. Ojoojúmọ́ ló ń fi wákàtí kan ó dín díẹ̀ pẹ́ sí i. Òṣùpá ló ń tẹ̀ lé. Ìyá mi ló fi orin kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ṣebí o rò pé mò ń pariwo lásán ni."

Khairiyyah ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ. Ọjọ́bọ̀, ó kù díẹ̀ kí mẹ́sàn-án lù. Jímọ̀, ó ti lé ní mẹ́sàn-án àbọ̀. Òní, mẹ́wàá àbọ̀! Omi tí Kenneth rò pé yóò máa padà lọ ní aago mẹ́sàn-án, ńṣe ni yóò ṣì máa gòkè bọ̀. Àpò yanrìn tí wọ́n tò síwájú kòtò kò ga ju kó dá ìgbì kéékèèké dúró. Bọ̀ọ̀dá Yaqub á sì wà nísàlẹ̀.

Ó pe Bilqis lórí fóònù, ó sì sọ ọ́ fún un.

"Dákẹ́!" Bilqis ní. "Tó o bá sọ ọ́, akoto ẹ ti lọ nìyẹn. Yunifásítì ẹ ti lọ. Sọ pé ara ẹ ò yá, kó o sùn."

Khairiyyah wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí mẹ́sàn-án lù. Ó ronú kan akoto yẹ́lò tó fi kọ́ sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ronú kan ẹ̀rín Bọ̀ọ̀dá Yaqub.

"Màmá," ó wí, "mo ti purọ́ mọ́ ọ̀sà." Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, ó sì ti fò jáde kí Màmá tó dìde. Ó gba Ẹnu Ọ̀wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ alákàrà nù, ó ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń sáré lọ.

Nígbà tó dé Èbúté Alákàn, ọkùnrin mẹ́sàn-án ti wà nínú kòtò. Mọ́tò kọnkéré mẹ́ta ń yí ikùn wọn ròrò létí ọgbà.

"Ọ̀gá Kenneth! Ẹ ní kí wọ́n jáde! Omi ò tíì kún tán!"

"Kí ni? Ìwé ní aago mẹ́jọ ló ń kún."

"Irọ́ ni ìwé yẹn." Gbogbo ojú yí sí i. "Èmi ni mo purọ́ síbẹ̀. Mi ò ka omi lọ́jọ́ méjì. Ti Ọjọ́rú ni mo dà kọ."

Kenneth wò ó, ó wo mọ́tò mẹ́ta. "Ọmọdé yìí, ṣé o mọ̀ pé tí kọnkéré yìí bá gan, a máa kó o dànù ni? Àná, òótọ́ ni. Òní, irọ́ ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹni tó ti purọ́ rí, bó ti ń sọ òótọ́ náà, ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bi ọmọ," ohùn kan wí lẹ́yìn wọn. "Ẹ bi ọ̀sà." Màmá Hàwáwù ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, sálúbàtà lọ́wọ́ kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ, ó gún un sínú yanrìn gan-an níbi tí omi fẹnu kàn. "Orin mi yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni n ó kọ ọ́. Tí omi bá ń padà lọ, ọwọ̀ yìí á wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Tí ó bá ń bọ̀, ẹ máa rí i."

"Màmá, a ò ní àkókò orin."

"Ọmọ mi wà nínú kòtò yẹn. Èmi ni mo ni àkókò."

Ó kọ ọ́. Àwọn tó wà nínú kòtò gbé e, ohùn wọn ń dún láti ìsàlẹ̀: *Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀sà o!* Nígbà àkọ́kọ́, omi lá ẹsẹ̀ ọwọ̀. Nígbà kejì, ó yí i ká. Nígbà tí Màmá fi máa dé *kì í dé lásìkò àná* ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi ti kọjá ọwọ̀ náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin.

"Ẹ jáde!" Kenneth ké. "Ẹ jáde kíákíá!"

Wọ́n gòkè jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Yaqub ló kẹ́yìn. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí omi gun orí àpò yanrìn, ó ya wọ inú kòtò bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ariwo ayọ̀ sọ! Kenneth ṣí akoto rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá.

"Dìde, dìde," Màmá ní, "má lọ gan mọ́ kọnkéré."

Ṣùgbọ́n bí orí ti yọ, ẹ̀bi ò tíì yọ. Ní ọjọ́ Ajé, Ẹnjinníà Adeline dé, ó sì gba akoto náà lọ́wọ́ Khairiyyah.

"Ojú ewé méjì péré ni mo purọ́ sí, Mà."

"Ìwọ lo mọ̀ pé méjì ni. Báwo lèmi ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni ìyókù?" Ó fa ìwé náà ya, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Ìwé tuntun rèé. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí akoto, nítorí náà ìta ọgbà ni wàá ti máa ka omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà rẹ tó mọ ìrìn ọ̀sà. Ìyẹn ò sì túmọ̀ sí pé mo ti gbà ọ́ padà."

Iṣẹ́ dúró fún odindi oṣù kan nítorí ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi Khairiyyah ṣẹ̀sín: "Akọ̀wé ọ̀sà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ń gbọ́, ó ń ka omi. Òjò pa á, oòrùn pa á. Nígbà tí fídíò Màrínà jáde, òun àti Bilqis wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìgbúnwọ́ Khairiyyah nìkan ló hàn.

Lọ́jọ́ kan, ibà dá a dúbúlẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Nígbà tí Ẹnjinníà Adeline wá ṣí ìwé náà, ó bá àyè mẹ́wàá lófìfo. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Khairiyyah kọ ọ́ pé: *Ara mi kò yá. N kò rí omi.*

Ẹnjinníà wo ibẹ̀ pẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Òfìfo yìí ni mo ti ń wá," ó wí. Ó mú akoto yẹ́lò jáde láti inú mọ́tò rẹ̀, ó sì dé e lé ọmọ náà lórí.

Wọ́n da kọnkéré, ògiri dìde. Nígbà tí oṣù kẹwàá yí padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀sà kó gbogbo agbára rẹ̀ wá bí ìṣe rẹ̀. Ó fi àyà gbá ògiri, ó fi èjìká gbá a. Ògiri ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀sà o." Kò sí ìkòkò tó léfòó. Ẹsẹ̀ gbogbo wa gbẹ!

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ wọ ibùdókọ̀ tuntun, ìdí fèrèsé ni Màmá Hàwáwù jókòó sí, gèlè rẹ̀ ń kan àjà. Khairiyyah jókòó tì í, akoto lórí itan. Bí ọkọ̀ ti ṣí, Màmá dá a, gbogbo ọkọ̀ sì gbè é:

*Ọkọ̀ dé lánàá, mo wà lórí ìdúró,*
*Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ o.*
*Ọkọ̀ dé lónìí, mo ti wọlé, mo ti jókòó,*
*Òótọ́ ló mọ ògiri o, irọ́ ò lè dá omi dúró!*

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kó yé yín. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé lé yín lọ́wọ́, yálà ìdánwò ni tàbí omi kíkà, ẹ má ṣe da ti àná kọ fún ti òní. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti yọ̀, ẹ tètè sáré lọ jẹ́wọ́ kí omi tó kún, nítorí ẹni tó jẹ́wọ́ lásìkò ló ń rí ẹni gbà là.