Wọ́n Gbé Abiyamọ Sí Yàrá Òtútù

"Abiyamọ, kú ewu ọmọ o! Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà mi, ó ń da ilé rú."

Báyìí la ṣe kí Targelia Farinango lówùúrọ̀ ọjọ́ tó padà sí oko òdòdó wa ní Cayambe, lórílẹ̀-èdè Ecuador, lẹ́yìn ìsinmi ìbímọ. Kò sẹ́ni tó mọ róòsì ṣà bíi tirẹ̀ nídìí tábìlì. Tó bá wo orí òdòdó lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ èyí tí yóò là kó tó dé òkè òkun.

Inú ọ̀gá wa, Don Fabricio, náà dùn. "Targelia, o ò ní dúró nídìí tábìlì mọ́. Mo ti wá iṣẹ́ ìjókòó fún ọ. Inú yàrá òtútù tí a ń kó òdòdó sí ni wàá ti máa lẹ orúkọ mọ́ páálí."

Ó rò pé àánú lòun ṣe. Kò bi í léèrè.

Ta ni kò mọ̀ ní Cayambe pé a kì í jẹ́ kí òtútù fẹ́ sí abiyamọ? Ṣùgbọ́n Targelia kò fẹ́ kí wọ́n ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ó wé ṣálì lé ṣálì, ó wọlé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń sáré fún ọmú rẹ̀ dànù, tí àwọn èèyàn á sì máa gbá ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ọmọ ń ké.

"Bàbá Segundo," ló wí fún mi, "mo máa fiṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Sátidé."

"Kí ni wàá wá jẹ?"

"Ọmọ mi ńkọ́, kí lòun máa jẹ?"

Èmi àti Don Fabricio ò rẹ́. Ọjọ́ ìrìbọmi ọmọ mi obìnrin, ó ní dandan ni kí n wá gé róòsì. Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí, mi ò tíì gbàgbé. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi lọ pe Nọ́ọ̀sì Jimena wá láti ilé ìwòsàn.

"Mo ṣe dáadáa sí i o!" ni ọ̀gá wí. "Ìjókòó ni mo fún un!"

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Nọ́ọ̀sì Jimena wí. "Ṣé ẹ bi í bóyá ó fẹ́ jókòó?"

"Tábìlì mi ni mo fẹ́," ni Targelia dáhùn.

Mo dá sí i. "Òtútù ló gbẹ ọmú ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ rọra. Òtútù ń ni í lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ráyè fún ọmú lásìkò, ìyẹn gan-an ló ń gbẹ ẹ́. Ọ̀gá, bí wọ́n bá gé róòsì, ìgbà wo lẹ ń fi í sómi?"

"Lójú ẹsẹ̀! Bó bá pẹ́, ọrùn ẹ̀ á tẹ̀. Ta ló tó dán an wò lóko mi?"

"Ẹ ò rí i? Òdòdó ní àsìkò lóko yín, ọmọ èèyàn ò ní."

Àwọn obìnrin ìdí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀.

"Ṣé kó wá máa gbé omi ọmú tó bá fún sí yàrá òtútù mi ni?"

"Áà, rárá o! Oògùn kòkòrò wà lára òdòdó. Ẹ ra fìríìjì kékeré fún un."

Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni wọ́n fọ̀ mọ́, tí wọ́n gbé àga, omi àti fìríìjì sí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Targelia padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ń lọ sílé ṣáájú wa bí òfin ṣe wí fún abiyamọ, ẹnikẹ́ni kì í yọ ṣùtì sí i. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ oko wa, náà ń rí àyè gbà láti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmú ti padà, ọmọ ti sanra.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, kí abiyamọ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́. Ẹ má ṣe pààrọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ àánú lẹ fi ṣe é. Ẹ fún un láyè àti ibi tó mọ́ láti fún ọmú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ nibẹ̀. Ẹ má fi í síbi tí wọ́n ti ń fín oògùn. Ẹ má sì gbàgbé bàbá ọmọ, torí òṣìṣẹ́ kì í gbàgbé bí ẹ ṣe ṣe sí i nígbà tọ́mọ rẹ̀ wà ní kékeré.

Ẹ bi mí wò nípa ìrìbọmi ọmọ mi.