Afẹ́fẹ́ Inú Búréèkì Ẹ̀gbọ́n Mi

Afẹ́fẹ́ tó há sínú búréèkì kì í mí. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe mẹkáníìkì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Ti inú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń mí.

Ìyàwó rẹ̀ ló wà á wá, oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi. Mọ́tò náà ti dàgbà ju àkọ́bí wọn lọ.

"Ọkọ mi, mo tẹ búréèkì, ó rì wọlẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ògiri yín ló bá mi dá a dúró."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀: kò jò níbì kankan. Afẹ́fẹ́ ló kù. Mo ní kí ìyàwó wa jókòó síbi ìwakọ̀, kó máa tẹ búréèkì. Èmi wọ abẹ́ mọ́tò, mo fi rọ́bà oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́nu nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn táyà tí afẹ́fẹ́ máa ń gbà jáde, mo ki ìdí rẹ̀ bọ ìgò epo búréèkì. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bó bá ti tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, kí n dí nọ́ọ̀tì kó tó gbé ẹsẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà padà wọlé.

Ìgò náà ń hó. Ọ̀sán pọ́n, kò dáwọ́ dúró: á hó lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á tún hó, bí ẹni tó sùn. Òórùn oògùn ilé ìwòsàn gba abẹ́ mọ́tò kan.

"Bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń mí nìyẹn," ìyàwó wa sọ jẹ́jẹ́ lókè, "ní ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ tó ń pè yín."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ sí mi pé òun ní ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ìjà wà láàárín wa. Èmi àbúrò ni mo jókòó sílé, tí mò ń retí kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí. Ó jọ ọgbọ́n nígbà náà.

"Tẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa."

Ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ìgò dákẹ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi bá gba inú rọ́bà jáde, ó pè mí lórúkọ tí òun nìkan máa ń pè mí: "Oríkunkun." Ó wá mí kanlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọwọ́ mi dí nọ́ọ̀tì. Kò bi mí léèrè. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Mo sáré tú u. Epo lásán ló ń ṣàn. Mo tú u títí ìgò fi kún.

"Kí ló sọ?" ìyàwó wa béèrè lókè.

"Ó ní búréèkì ti dáa."

Ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí títí. "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ò mọ nǹkan kan nípa búréèkì rí."

Ó wa mọ́tò lọ. Ní oríta, ó fẹsẹ̀ kan búréèkì lásán, mọ́tò dúró gbọn-in: afẹ́fẹ́ kankan ò kù nínú rẹ̀. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.