Rọ́bà Tí Pẹ̀lẹ́ Fi Abẹ Gé

Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ ló máa ń rí ohun tí ará ilé sọ nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó Pẹ̀lẹ́ awakọ̀ ń gbá ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé bọ́ọ̀sì sí, ni ìgbálẹ̀ bá kó nǹkan dúdú kan jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Rọ́bà ni, tín-ín-rín, ó ká bí èèpo ọsàn tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ jù, bí ẹran tó jinná kọjá ààlà.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá gbá a dà nù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rọ́bà ni obìnrin yìí ń ṣe. Ní ilé iṣẹ́ wọn, wọn a kó rọ́bà sáàárín irin tí wọ́n ti gbẹ́ ihò sí, ẹ̀rọ a tẹ̀ ẹ́ pọ̀ nínú ooru. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀yà ọkọ̀ ti jáde: èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé kó má baà máa gbọ̀n, èyí tó ń dí etí ilẹ̀kùn kí òjò má wọlé, àti àwọn wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú bíréèkì. Òun ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí wọn tó bá yọ, tó sì ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Kò sí bí rọ́bà ṣe lè ṣàìsàn tí kò ní mọ̀.

"Màmá," ó ké sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, "níbo lèyí ti wá?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ló fi abẹ gé e lánàá. Ìdérí ike tí wọ́n ń bu omi bíréèkì sí ni kò wọlé mọ́. Ó ní rọ́bà inú rẹ̀ ti wú. Mo ní kí ló ń jẹ tó fi ń sanra? Ló bá gé etí rẹ̀ yíká, ìdérí sì wọlé wẹ́rẹ́. Ṣé ọmọ mi ò gbọ́n ni, ìyàwó mi?"

"Kí ló bù síbẹ̀, Màmá?"

"Omi bíréèkì ló tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wá bu epo ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù lé e. Ó ní epo ò ju epo lọ."

Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ kó àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó síwájú nínú ọkọ̀ náà. Ojúlé dé ojúlé ni ó ti ń kó wọn, orí òkè ni yóò parí sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sísàlẹ̀, níbi tí ilé ìwé wà. Ó pè é lórí fóònù. Fóònù ò wọlé. Pẹ̀lẹ́ kì í tan fóònù bó bá ń wakọ̀. Ìwà rere tí gbogbo òbí ń yìn ín fún ló wá di ìdènà lónìí.

Ó sáré lọ bá aládùúgbò wọn tó jẹ́ bíríkìlà, tó ń nu alùpùpù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé orí òkè!"

"Ìyàwó wa, ẹ ò tíì wọ bàtà o!"

"Ẹ fi bàtà sílẹ̀! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Ní gbogbo ìgbà tí alùpùpù ń gun òkè, etí rẹ̀ ń wá ariwo, ojú rẹ̀ ń wá bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n yọ, ó rí i níwájú ilé tó gbẹ̀yìn. Ìyá kan ń gbé ọmọ rẹ̀ wọnú bọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ìyàwó Pẹ̀lẹ́ fò sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú ọkọ̀.

"Bàbá wa, ẹ pa á! Ẹ pa ọkọ̀!"

Pẹ̀lẹ́ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé kò sí? Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà lálàáfíà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀." Ó na rọ́bà náà sí i.

Pẹ̀lẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Torí èyí lo ṣe sáré tẹ̀lé mi láìwọ bàtà? Bíréèkì mi ń mú! Kódà ó ń mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti àná ni ọkọ̀ ti ń wúwo bí ẹni tó ń wọ́ igi."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó gba ìgò omi lọ́wọ́ ọmọ kan, ó wọ́n díẹ̀ sí irin táyà iwájú. *Ṣììì!* Èéfín funfun rú sókè. Ìyá tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pariwo, "Yéè, ẹ gbé ọmọ mi fún mi!"

"Ẹ gbọ́," ni ìyàwó wí. "Irú rọ́bà yìí àti epo ẹ́ńjìnnì kì í gbé pọ̀. Yóò mu ún, yóò wú, yóò sì rọ̀. Èyí tó wà lókè lẹ rí, lẹ fi abẹ gé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú bíréèkì ńkọ́? Abẹ wo ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn? Wọ́n ti wú há síbẹ̀, ni bíréèkì ò fi tú sílẹ̀, ni táyà fi ń gbóná. Bí wọ́n bá ya, ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ò ní bá nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀."

"Ilé ìwé á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Màá rọra sọ̀. Ṣé o ò mọ̀ pé Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí ni?"

"Ẹni tó rọra ṣubú láti orí òkè náà ṣubú ni, Bàbá wa."

Ni ọmọ Pẹ̀lẹ́ bá fa aṣọ bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ló bì í wó. Ó ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn sọ̀. Òun nìkan ló kù nínú ọkọ̀, tó ń kùn pé kí wọ́n jẹ́ kóun gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ yí díẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà dé ilẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Òfìfo. Ọkọ̀ ń yí lọ sí ẹnu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sí òkìtì iyanrìn tí àwọn kan kó sílẹ̀ láti fi kọ́lé, ọkọ̀ sì rì sínú rẹ̀ títí dé iná iwájú, ó dúró.

Pẹ̀lẹ́ jáde. Ó ń wo ojú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò rí wọn rí. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ kan di ọmọ tirẹ̀ mú, ó fi ìkejì di ọmọ ẹlòmíràn mú. "Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn," ló wí. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn yòókù tẹ̀lé e láìwọ bàtà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin onímọ́tò, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Irin ni ń sáré, rọ́bà ló ń mú un dúró. Omi bíréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí nìkan ni kí ẹ bu síbẹ̀, kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe epo mìíràn. Ẹ má fi bẹntiróò fọ rọ́bà bíréèkì. Bí rọ́bà ìdérí bá wú, ẹ má gé e, ẹ má sì wa ọkọ̀ náà: ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fọ gbogbo ọ̀nà omi náà, kó sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ti kàn. Bí bíréèkì bá ń di táyà mú, tàbí táyà ń gbóná, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ máa bi awakọ̀ ọmọ yín léèrè, kì í ṣe àfojúdi.

Wọ́n bá àwọn ọmọ náà wí nílé ìwé lọ́jọ́ yẹn pé wọ́n pẹ́. Ẹni tó pẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí kò dé mọ́, ta ni wọn ó bá wí?