Ọkùnrin Tó Ń Sáré ní Ọ̀sákà

Ọkùnrin tó ń sáré níwájú Oyíndà fi ọwọ́ di ìbàdí òsì mú bí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le koko lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni Oyíndà mọ̀ láyé tó ń sáré báyẹn. Lérè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, mọ́tò sì ti pa Lérè lórí fíríwéè ní Houston lọ́dún méje sẹ́yìn.

Títí di ìgbà yẹn, inú Oyíndà ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Eré sísá kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ epo kan ló ti ń jẹun ní Westchase, ní Houston, ṣùgbọ́n àárọ̀ Sátidé kan kì í kọjá kó má sáré létí odò. Ó pẹ́ tó ti ń lálàá Ọ̀sákà, ìlú Japan tí kì í sùn, ìlú náà ò sì já a kulẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá fìrì, òórùn oúnjẹ díndín ń ta síni nímú lójú pópó gbogbo, àwọn arúgbó tó ń sáré yí ààfin olódi àtijọ́ ká sì ń juwọ́ sí i bí ẹni tó ti mọ̀ wọ́n rí. Àwọn arúgbó ọ̀hún tilẹ̀ ń yà á sílẹ̀! Ẹ̀rín pa á, ó tún fi kún eré. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ ìbàdí yẹn.

Ó gbá tẹ̀ lé e. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ayọ̀ wà níbẹ̀, ayọ̀ òmùgọ̀ tí kì í béèrè ìdí. Ọkùnrin náà gba orí afárá kọjá, ó yà sínú ọjà gígùn kan tí wọ́n ṣe òrùlé lé lórí, ó bọ́ sẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó sì so épírọ́ọ̀nù mọ́ra. Obìnrin ará Japan kan gbé omi fún un bí ìyàwó ṣe ń gbé e fún ọkọ. Ọmọbìnrin kékeré kan sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Oyíndà sún mọ́ káńtà. Àpá tí ìgò dá sí Lérè lágbọ̀n nígbà èwe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Orúkọ ti dé etí ahọ́n rẹ̀ kó tó rántí ohun tí ìyá àgbà wọn máa ń sọ. Àkúdàáyà ni ẹni tí ikú pa láìtọ́jọ́, tó wá lọ ń jẹ ìyókù ayé rẹ̀ níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pè é lórúkọ, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá fi ara rẹ̀ hàn fún un, á pòórá, ó parí nìyẹn: ìyàwó a di opó, ọmọ a di aláìníbaba. Oyíndà gbé orúkọ náà mì.

Ọkùnrin náà bá a sọ̀rọ̀ lédè Japan, ó ń rẹ́rìn-ín bíi gbogbo ọlọ́jà. Takoyákì ló ń dín, oúnjẹ róbótó bíi pọ́fúpọ́fù, ó sì ń fi irin ṣóńṣó yí wọn nínú agbada oníhò. Ojú rẹ̀ kan ojú Oyíndà, kò mì rárá. Àmọ́ nígbà tó bu èyí tí Oyíndà rà tán, ó mú ẹyọ kan lé e lórí, ó rọra tì í síwájú rẹ̀. Ènì ni. Ta ló ń ṣe ènì fúnni ní Ọ̀sákà? Ẹ̀rù àtijẹ nǹkan lọ́wọ́ òkú ba Oyíndà, ó sì jẹ ẹ́. Ó gbóná, ó dùn, omijé bọ́.

Ibi tó ti ń nu ojú ni fóònù rẹ̀ ti dún. Màmá wọn ló ń pè lórí fídíò láti Fulshear, lẹ́bàá Houston, níbi tí ilẹ̀ ti ṣú. Òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí Màmá débi ìsìnkú Lérè. Kò rí ojú rẹ̀ kẹ́yìn, ẹkún ọ̀hún ò sì tíì tán nílé. Oyíndà mọ̀ pé kò yẹ kóun dán an wò. Àánú ló borí ọgbọ́n.

"Màmá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín. Please, ẹ ò gbọ́dọ̀ pariwo o. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé? O ń dẹ́rù bà mí."

"Ẹ kọ́kọ́ promise."

"Ó dáa. Mi ò ní la ẹnu."

Ó yí fóònù sí káńtà.

Màmá ò ja àdéhùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omijé ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, kò mí gbin. Inú Oyíndà dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ fò sókè. Ìyá ti rí ọmọ, ọmọ ṣì wà lórí ìdúró, ẹnikẹ́ni ò pàdánù nǹkan kan!

Ohun tí kò rò ni ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ Lérè. Ó lè wo àbúrò lójú kó ṣe bí àlejò. Ìyá ńkọ́? Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí ẹni tó wà nínú fóònù, irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kankan ò pè é. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn káńtà.

"Ẹ káalẹ́, Màmá." Wọ́n gbọ́ ohùn náà láti ìsàlẹ̀, ohùn Lérè gan-an, ní òwúrọ̀ Ọ̀sákà.

Màmá ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Dìde, ọkọ mi," ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó tó. Dìde."

Kò dìde. Ìyàwó rẹ̀ fi orúkọ tí òun mọ̀ ọ́n sí pè é, kò dáhùn. Oyíndà na ọrùn wo ẹ̀yìn káńtà. Épírọ́ọ̀nù ló kù nílẹ̀, okùn rẹ̀ ṣì wà ní síso, bàtà eré méjì sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Takoyákì ti ń jóná.

Ọmọbìnrin kékeré náà ò sunkún. Ó wo aṣọ bàbá rẹ̀, ó wo fóònù, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ dáadáa, bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́.

"Ẹ káalẹ́ mà, Màmá Àgbà."

"Oyíndà," Màmá bi í, "ọmọ ta nìyí?"

Ìyàwó Lérè ti mú épírọ́ọ̀nù náà nílẹ̀, ó fi mọ́ àyà, ó sì ń wo Oyíndà nìkan, ó ń dúró kó sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.