Obìnrin Aláṣọ Òjò Nínú Ọ̀gbẹlẹ̀

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni òjò kò fi rọ̀ ní ìlú Kurrabin ní Australia, síbẹ̀ ọlọ́pàá Preece kọ ọ́ sínú ìwé tó fi jẹ́rìí pé aṣọ òjò tí obìnrin kan tó dá òun dúró lójú ọ̀nà wọ̀ ń kán tótó. Thea Vassallo, lọ́yà olùjẹ́jọ́, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín. Irú irọ́ tó hàn gbangba báyìí ló máa ń wá kiri nínú ẹ̀rí ọlọ́pàá!

Darcy Mulholland, olùsìn àgùntàn, ló ń gbèjà. Wọ́n ní ó mutí yó wakọ̀. Bí wọ́n bá gba láísẹ́nsì rẹ̀, kò ní lè gbé oko rẹ̀ tó jìnnà sí ìlú mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní Sydney yóò sì wá gba Tilly, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Thea dìde nílé ẹjọ́, ó kọjú sí Preece, ara rẹ̀ yá gágá. Òfin kò gbà kí ọlọ́pàá yẹ èémí ẹnikẹ́ni wò nínú ọgbà ara rẹ̀.

"Nígbà tẹ́ ẹ ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjá géètì?"

"Ọmọ rẹ̀ ló sáré jáde wá ṣí i. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọkọ̀ gbá a."

"Mi ò bi yín ní díẹ̀ tó kù! Inú ọgbà ni àbí ìta?"

Preece dáhùn. "Inú ọgbà."

"Obìnrin tó ní kẹ́ ẹ lé e ńkọ́? Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo máa bojú wẹ̀yìn báyìí, mi ò rí i mọ́."

Ilé ẹjọ́ hó yèè. Adájọ́ da ẹjọ́ nù! Thea fúnra rẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tó fi lé Darcy lọ́wọ́.

"Lọ́yà mi, ẹnu yín mú ju abẹ lọ! Ẹ wá ká fi bíà kan yọ̀!"

"Máa lọ, mò ń bọ̀. Ó ku ẹjọ́ méjì."

Nígbà tó parí, ó bá Preece nídìí tábìlì àwọn lọ́yà, tó tẹjú mọ́ fọ́tò ìdílé Darcy, èyí tí Thea kó wá láti fi rọ adájọ́ lọ́kàn.

"Lọ́yà, òun rèé." Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Ta ni?"

"Obìnrin yẹn. Ó ní, 'Ẹ bá mi dá a dúró, ọmọ mi ti ń sáré lọ síbi géètì.'"

Noreen ni, ìyàwó Darcy. Ọdún mẹ́ta rèé tí omíyalé ti gbé e lọ.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Thea. Ó sáré sọdá sí ilé ọtí.

"Darcy ti lọ o," ọlọ́tí ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bíà mẹ́fà! Ó ní adájọ́ ti dá òun láre, ta ló fẹ́ mú òun!"

Thea fa fóònù yọ, ó pe ilé Darcy. Tilly gbé e.

"Tilly, dádì ẹ ń bọ̀. Jọ̀ọ́, má lọ síbi géètì. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ má dààmú, Àǹtí!" Inú ọmọ náà ń dùn ṣìnkìn. "Mọ́mì ti ní kí n jókòó sílé. Wọ́n ní lónìí, àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa ṣí i fún Dádì."