Ìgbà Mẹ́ta Tó

Ọmọkùnrin náà fọwọ́, ó pa ẹ̀rọ omi, ó tún ṣí i. Modinat dúró tì í tòun ti kẹ́ẹ̀gì, ó ń kà á. Nígbà tó di ìkọkànlá, ó rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti bó, ó pọ́n bí ata.

Modinat, ọmọ Àlùfáà Mùnírù, kì í sì í rí nǹkan kó má bèèrè.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́ dé egungun ni?"

Ọdún kọ̀rónà ni. Ìjọba ti ti gbogbo ilé-ìwé pa. Modinat ti Ìlaró wálé sí Ìjọun, Ọlámipọ̀, ọmọ Tíṣà àgbà, sì ti Ayétòrò dé.

"Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru," ni Ọlámipọ̀ wí. "Bí mo bá kó o ràn wọ́n, èmi ni mo pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mò ń sùn ní kíláàsì ilé-ìwé bàbá mi. Mi ò tíì bá wọn jẹun."

"Ta ló wá sọ pé ìkọkànlá ló tó?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọkàn mi ni kì í gbà pé ó ti mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Modinat gbé búta tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá wá, pẹ̀lú ọṣẹ. "Nílé wa, ìgbà mẹ́ta là ń fọwọ́ ká tó kírun. Ìkẹrin, àṣejù ni."

"Ṣé kọ̀rónà mọ̀ pé mẹ́ta ni?"

"Ọṣẹ ló máa bá kọ̀rónà jà. Ọkàn yín lèmi ń bá wí. Ẹ máa wò mí, ẹ má wo omi."

Ó wò ó. Síbẹ̀, méje ló fọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di márùn-ún. Nígbà yẹn, Modinat ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fíntótó nìkan ló ń jí òun kùtùkùtù mọ́. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Àṣé Àlùfáà ń wá búta rẹ̀. Ló bá ká wọn mọ́dìí omi.

"Modinat! Búta àlùwàlá mi, lọ́wọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ọlámipọ̀ na búta sí i. Àlùfáà rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ohùn bàbá náà sì rọlẹ̀. Ó ní kó sọ ohun tó ṣe é, ọmọkùnrin náà sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ó ṣe èmi náà rí, nílé kéwú," ni bàbá wí. "Wọ́n á kírun tán, èmi á ṣì wà nídìí omi, tí mò ń tún àlùwàlá ṣe. Àìsàn ni, ọmọ mi, kì í ṣe ìwà. Lọ rí nọ́ọ̀sì. Ìgbà mẹ́ta tó."

Ó rí nọ́ọ̀sì, ó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé, ó sì bá màmá rẹ̀ jẹ láfún. Ẹkún ò jẹ́ kí obìnrin náà lè gbé òkèlè mì.

Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé, Ọlámipọ̀ gbé búta tuntun kan wá fún Modinat.

"Ti ta nìyí?"

"Tiwa. Bí mo bá parí ẹ̀kọ́, àwọn òbí mi á wá tọrọ rẹ. Ẹ̀rù bàbá rẹ ṣì ń bà mí o."

"Bàbá tó ń bi mí lójoojúmọ́ pé báwo lọwọ́ yín?" Modinat rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. "Mo gbà, olówó orí mi."

Ọlámipọ̀ di ọwọ́ náà mú, ó pẹ́. Nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, kò wo ọ̀nà ẹ̀rọ omi. Ọwọ́ yẹn gan-an ló fi nu omijé ojú rẹ̀, ó sì gba ilé lọ bá màmá rẹ̀ jẹun.